Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí transcription factor ti ń lẹ̀ mọ́ DNA nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ, láti orí laptop yín ní Abẹ́òkúta

Ẹ ti wo fídíò, ẹ ti tẹ gbogbo bọ́tìnnì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀, fáìlì sì jáde: ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, "chr" níbí, nọ́ńbà lọ́hùn-ún. Ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣejáde yín, ẹ ní ibi tí transcription factor (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ DNA láti tan jíìnì tàbí láti pa á lẹ́nu mọ́) ti lẹ̀ mọ́ DNA nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ nìyẹn. Ó ní: input wo lẹ lò? Ṣé hg19 ni àbí hg38? Motif rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó jáde? Ẹnu wọhò.

Mo ti rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀. Fáìlì wà, àmọ́ kò sí máàpù nínú ẹ̀. MACS2, irinṣẹ́ tó ń wá àwọn ibi tí purotéènì lẹ̀ mọ́, kì í kọ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá kó fún un, á wá nǹkan kan rí níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ìdọ̀tí lásán.

Ọ̀nà tí èmi fara mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi transcription factor (mo máa pè é ní TF láti ìsinsìnyí lọ) tí ìdáhùn rẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò kọ́ṣẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ sórí èyí tó wù yín. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, TF náà ni REST, purotéènì tó ń pa àwọn jíìnì iṣan ara (neuron) lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe neuron. Sẹ́ẹ̀lì náà ni U-87 MG, tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì glioblastoma (oríṣi jẹjẹrẹ ọpọlọ kan) tí àwọn làábù káàkiri àgbáyé ń lò. ENCODE, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan lórí bí DNA èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ti ṣe ChIP-seq REST nínú U-87, wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ChIP-seq, wọ́n ń fi antibody, ìyẹn purotéènì tó ń di purotéènì kan pàtó mú, yọ TF náà pẹ̀lú DNA tó lẹ̀ mọ́, wọ́n á wá ka DNA náà. Ọ̀rọ̀ tí REST máa ń wá lórí DNA (motif rẹ̀ nìyẹn) gùn tó lẹ́tà 21, kò ṣeé ṣì mọ̀. Bí iṣẹ́ yín bá dára, ó máa yọjú. Bí kò bá yọjú, ẹ padà sẹ́yìn lọ wá ibi tẹ́ ẹ ti ṣìṣe.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Laptop kan tí búráúsà rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. RAM 4GB tó, torí pé iṣẹ́ ńlá kò ní ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.
- Àkáǹtì Galaxy, ìkànnì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ní usegalaxy.eu tàbí usegalaxy.org. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ máa ń rí àyè 250GB gbà.
- Détà tó ṣeé fi wo ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe èyí tó máa fa fáìlì ńlá.
- Ìwé kan tẹ́ ẹ máa kọ gbogbo nǹkan sí. Mo sọ ìwé, mi ò sọ "mo máa rántí".

Èéṣe tó fi jẹ́ Galaxy? Bowtie2 nìkan máa ń gba RAM bíi 3.2GB tó bá ń to read (ègé DNA tí ẹ̀rọ kà) sórí jíìnómù èèyàn, fáìlì FASTQ kan, tó kó read dání, sì lè ju gígábáìtì kan lọ. Ẹ fi hotspot fóònù fà á ní Camp, ẹ máa rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù yín. Galaxy á lọ gbé fáìlì láti ENCODE tààrà sí sáfà tirẹ̀, kò ní gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Bí iná bá lọ láàárín òru, iṣẹ́ ń lọ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin á kàn jí láàárọ̀ wá wo àpótí tó ti di àwọ̀ ewé.

Nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ dán wò: détà àlàyé DNA aláìsàn tó wà nínú dbGaP tàbí EGA, àwọn àkójọ détà tí wọ́n tì. Ìyẹn gba ìyọ̀ǹda. Sẹ́ẹ̀lì làábù bí U-87 kò nílò rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wá détà, ẹ sì wá input tó bá a mu

Ẹ lọ sí encodeproject.org. Ẹ yan TF ChIP-seq, ẹ yan U-87 MG, ẹ yan REST. Àwọn ìwé àtijọ́ ń pe REST ní NRSF, nítorí náà kí orúkọ yẹn má ṣe dà yín láàmú. Nọ́ńbà àyẹ̀wò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ENCSR, ti fáìlì pẹ̀lú ENCFF. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lójú ìwé náà.

Lórí ojú ìwé àyẹ̀wò, ẹ máa rí replicate, ìyẹn àyẹ̀wò kan náà tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ìpín mìíràn lára irú sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ẹ má gba iṣẹ́ tí kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tún máa rí líǹkì sí control, ìyẹn input. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á fò ó, tàbí kí wọ́n lọ mú input K562 torí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

Input ni DNA sẹ́ẹ̀lì kan náà tí wọ́n gé, tí wọ́n kà, láìfi antibody yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí èrò rẹpẹtẹ ní Kútọ̀, ẹ ò lè sọ pé olórin kan ló kó wọn wá, àfi tẹ́ ẹ bá mọ iye èrò tó máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Input ló ń sọ ti ojoojúmọ́ fún yín. Nínú jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i, torí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ní DNA méjì-méjì bí sẹ́ẹ̀lì tó yè. Nínú glioblastoma, ó wọ́pọ̀ kí kromosómù 7 lé sí i, kí 10 dín kù, kí jíìnì EGFR sì di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ibi tí DNA bá ti pọ̀, read á pọ̀ níbẹ̀, yálà TF wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Input K562 kò mọ ohunkóhun nípa èyí, torí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀, àlébù DNA rẹ̀ yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa U-87 fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi bi yín níbi ìdáàbòbò iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ máa wojú. Ní 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, ní Uppsala, ní Sweden. Ní 2016, àwọn olùwádìí láti Uppsala kan náà fi DNA hàn pé èyí tí ATCC, àjọ tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì làábù, ń tà kò bá ti aláìsàn àkọ́kọ́ mu. Ó jọ glioblastoma lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò mọ ẹni tó ti wá. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sínú iṣẹ́ yín, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti parí bí ẹ bá ní líǹkì FASTQ fún replicate méjì REST, líǹkì FASTQ fún input U-87, àti md5sum (àmì tó ń fi hàn pé fáìlì pé, kò bàjẹ́) ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín.

Ìpele 2: Ẹ gbé e wọ Galaxy

Ẹ tẹ Upload Data, lẹ́yìn náà Paste/Fetch data, kẹ́ ẹ lẹ líǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, ọ̀kan lórí ìlà kan. Níbi irú fáìlì, ẹ yan fastqsanger.gz. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní fastq.gz lásán, Bowtie2 kò ní rí fáìlì yín rárá nínú àkójọ rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé Galaxy ló bàjẹ́.

Bí fáìlì bá ti wọlé, ẹ yí orúkọ wọn padà lójú ẹsẹ̀: REST_1, REST_2, INPUT_U87. ENCFF-kan-ENCFF-èkejì ló ń mú kí èèyàn gbé input sí àyè REST ní ìpele 5.

Galaxy ní irinṣẹ́ tó ń ṣírò md5. Ẹ fi wé ti ENCODE. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ gbé fáìlì náà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìpele 3: FastQC

Èyí ń yẹ ìwọ̀n read wò, kò gba àkókò. Ẹ gbé FastQC lé fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo "Per base sequence quality": kí ìlà náà wà nínú àwọ̀ ewé fún ọ̀pọ̀ jù nínú gígùn read. Ẹ wo "Adapter content"; adapter ni ègé DNA àtọwọ́dá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ DNA kí ẹ̀rọ tó lè kà á.

Ẹ má jẹ́ kí X pupa tó wà níwájú "Sequence Duplication Levels" bà yín lẹ́rù. Ohun tí ChIP-seq ń ṣe gan-an ni pé ó ń kó DNA jọ síbì kan. FastQC kò mọ ìyẹn, ó rò pé DNA gbogbo ara lẹ kó fún un. Lọ́wọ́ kejì, read àtijọ́ kúrú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kò ju lẹ́tà 36 lọ. Ẹni tó bá tún gé e pẹ̀lú fastp láìnídìí máa ku lẹ́tà díẹ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ nínú jíìnómù. Bí adapter kò bá sí, tí ìwọ̀n bá dára, ẹ má gé nǹkan kan.

Ìpele 4: Ẹ to read sórí jíìnómù

Bowtie2, single-end, jíìnómù tó wà nínú Galaxy, hg38 (ẹ̀yà máàpù jíìnómù èèyàn tó tuntun ju hg19 lọ). Ẹ gbà á báyìí fún gbogbo fáìlì, ẹ má ṣe da hg19 pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn èsì ENCODE tó ti pẹ́ wà lórí hg19, nítorí náà ẹ lè bá fáìlì peak (ibi tí read ti gbá jọ) àtijọ́ pàdé lọ́nà, kó sì jọ pé gbogbo rẹ̀ bára mu títí di ìgbà tí peak yín á lọ bọ́ sí àárín aṣálẹ̀ tí jíìnì kankan kò sí.

Lẹ́yìn Bowtie2, ẹ sẹ́ read: MAPQ (bí ibi tí read bọ́ sí ṣe dáni lójú tó) 30 sókè ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kí read tó lè jẹ́ ti ibi méjì tàbí mẹ́ta kúrò. Lẹ́yìn náà MarkDuplicates, kẹ́ ẹ sì ní kó yọ ẹ̀dà PCR dànù.

Àyẹ̀wò méjì ló wà níbí. Èkíní ni samtools flagstat. Bí ìdajì read kò bá rí ibi dúró sí lórí jíìnómù, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀: bóyá ẹranko mìíràn ni, bóyá adapter ni, bóyá bakitéríà. Ẹ tún wo iye read tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn sísẹ́. ENCODE lónìí ń fẹ́ mílíọ̀nù 20 fún replicate kọ̀ọ̀kan tí TF ni, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ń béèrè. Détà àtijọ́ lè wà láàárín méjèèjì, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ kàn sọ ọ́ nínú iṣẹ́ yín.

Àyẹ̀wò kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í ṣe é. Ẹ fi bamCoverage sọ BAM yín (fáìlì read tí ẹ ti tò) di bigWig (fáìlì tó ṣeé fi ojú wò), ẹ tẹ líǹkì tó ń gbé e lọ sí UCSC, ìkànnì tó ń fi jíìnómù hàn, láti inú Galaxy, kẹ́ ẹ wá kọ CDKN2A síbi ìwákiri. U-87 ti pàdánù jíìnì yìí pátápátá lórí kromosómù 9, ẹ̀dà méjèèjì ti lọ. Nítorí náà, nínú REST_1, nínú REST_2, àti nínú input, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo: ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní òsì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní ọ̀tún, àti ihò láàárín. Bí ẹ bá rí read tó kún ibẹ̀ bó ṣe kún ibòmíràn, sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ mú kì í ṣe U-87, tàbí kó jẹ́ pé fáìlì ẹlòmíràn lẹ gbé. Bí ó bá jẹ́ input nìkan ló kún, a jẹ́ pé input sẹ́ẹ̀lì mìíràn lẹ lọ mú. Ẹ padà sí Ìpele 1.

Ìpele 5: MACS2

Ẹ ṣí MACS2 callpeak. Treatment: REST_1. Control: INPUT_U87. Ẹ ka méjèèjì sókè kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Genome size: èèyàn, 2.7e9. q-value: 0.01. Ẹ fi "broad" sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Broad wà fún àwọn àmì histone tó máa ń tẹ́ lọ gbọọrọ, TF máa ń dúró sójú kan ni. Ẹ ní kó kọ summits (ṣóńṣó peak) jáde. Lẹ́yìn náà ẹ tún ṣe é fún REST_2, lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe kó replicate pọ̀ níbí.

Ọ̀kan nínú ohun tí MACS2 ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú láti mọ gígùn ègé DNA tí wọ́n kà, tó ń pè ní d. Ó ń wo àwọn read tó kọjú síwájú àti àwọn tó kọjú sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Fún TF, d máa ń wà láàárín 100 sí 300. Bí d bá wá jẹ́ bíi gígùn read fúnra rẹ̀, bíi 38 tàbí 40, irọ́ ni. Ìgbájọ kan tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú TF ni MACS2 rí. Ẹ pa model, ẹ fi extsize 200 sí i, ẹ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìlà kan nínú fáìlì narrowPeak tó jáde, torí inú rẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí. Òpó 10 ló ní. Òpó 1 ni kromosómù, 2 ni ìbẹ̀rẹ̀ peak, 3 ni òpin. Òpó 7 sọ bí REST ṣe borí input tó. Òpó 8 jẹ́ p, òpó 9 jẹ́ q, ṣùgbọ́n kì í ṣe p àti q bẹ́ẹ̀ lásán: wọ́n ti fi -log10 yí wọn padà. Nítorí náà, 2 nínú òpó 9 jẹ́ 0.01, 5 jẹ́ 0.00001, 50 sì dára ju 5 lọ fíìfíì. Mo ti rí ẹni tó to fáìlì láti kékeré sí ńlá, tó mú 500 àkọ́kọ́, tó sì fi peak tó burú jù ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Òpó 10 ni ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ó ń sọ bí ṣóńṣó peak ṣe jìnnà sí òpó 2. Bí òpó 2 bá jẹ́ 1000, tí òpó 10 jẹ́ 120, ṣóńṣó wà ní 1120. Ibẹ̀ ni REST jókòó sí, kì í ṣe àárín òpó 2 àti 3. Ẹ máa lò ó ní Ìpele 7.

Ẹ má fi Excel ṣí fáìlì yìí, ẹ má sì fi í tọ́jú rẹ̀. Excel ti sọ orúkọ jíìnì di ọjọ́ oṣù lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ní 2020 ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì lórúkọ yí SEPT1 padà sí SEPTIN1, MARCH1 sí MARCHF1, nítorí ẹ̀ náà ni.

Àyẹ̀wò: ẹ yí fáìlì padà lọ́nà òdì, kí input di treatment, kí REST di control. Iye peak gbọ́dọ̀ já lulẹ̀ gan-an. Bí iye náà kò bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, antibody kò mú nǹkan kan, tàbí ẹ ti kọ́kọ́ gbé wọn sódì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ṣírò FRiP, ìyẹn ìdá read tó bọ́ sínú peak. Ìlànà ENCODE ní kó má dín sí 1%.

Ìpele 6: Ẹ yọ ìdọ̀tí, ẹ fi replicate méjèèjì wéra

Àwọn apá kan wà lórí jíìnómù tó máa ń gbá read jọ nínú gbogbo àyẹ̀wò, sẹ́ẹ̀lì yòówù kó jẹ́. ENCODE ti to wọn sínú blacklist kan, ẹ̀yà hg38 rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lo bedtools intersect pẹ̀lú -v, kẹ́ ẹ ju peak tó bá kàn wọ́n nù. Peak tó ga jù nínú gbogbo fáìlì yín lè lọ níbí. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi bedtools intersect mú kìkì peak tó wà nínú REST_1 àti REST_2. IDR ni ọ̀nà tó lágbára jù, ó sì dára bí ẹ bá lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú intersect lásán.

Àyẹ̀wò kan péré: ẹ lọ sí UCSC, ẹ wo STMN2, SYN1 àti SCN2A. Jíìnì iṣan ara ni wọ́n, REST sì mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí òkìtì read nítòsí wọn nínú REST méjèèjì, kí input sì tẹ́jú níbẹ̀. Ojú yín ni irinṣẹ́ tó dára jù fún ìpele yìí.

Ìpele 7: Motif, ìdánwò gidi

Ibi tí gbogbo iṣẹ́ yín máa dúró tàbí ṣubú nìyí.

Ẹ to peak láti orí òpó 9 tó ga jù sí kékeré, kẹ́ ẹ mú 500 àkọ́kọ́. Ẹ fi òpó 2 àti 10 ṣírò ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lẹ́tà 250 kún un ní apá kọ̀ọ̀kan, kí gígùn rẹ̀ di 500. Ẹ fi bedtools getfasta mú lẹ́tà DNA jáde, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí MEME-ChIP, irinṣẹ́ tó ń wá motif, ní meme-suite.org. Fáìlì yìí kéré, détà yín á gbé e.

Ohun tẹ́ ẹ ń retí ni èyí:

TTCAGCACCATGGACAGCGCC

tàbí ojú kejì rẹ̀:

GGCGCTGTCCATGGTGCTGAA

Lẹ́tà kan tàbí méjì lè yàtọ̀ níbí lọ́hùn-ún. Nígbà míì ẹ lè rí ìdajì kan lọ́tọ̀, ìdajì kejì lọ́tọ̀, pẹ̀lú àlàfo tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín wọn; REST náà máa ń lo ìyẹn. TOMTOM, tó wà nínú MEME-ChIP, á dárúkọ REST fún yín láti inú JASPAR, àkójọ àwọn motif tí a ti mọ̀.

Ẹ wá wo CentriMo, tó ń fi ibi tí motif wà nínú lẹ́tà 500 náà hàn. Ìlà motif gbọ́dọ̀ ga gan-an ní àárín, kó sì já lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí motif bá jáde ṣùgbọ́n tí ìlà náà tẹ́jú, ẹ ṣìṣe nínú ìṣírò ṣóńṣó, àfàìmọ̀ kó jẹ́ àárín peak lẹ lò dípò òpó 10. Bí motif kò bá jáde rárá, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò ní títẹ̀léra: ṣé hg38 lẹ fi mú lẹ́tà jáde, ṣé ẹ kò to peak sódì, ṣé blacklist ti kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Èéṣe tí mo fi tẹnu mọ́ lẹ́tà 21? Ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀. Lẹ́tà DNA jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà 7 máa ṣàdédé yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà 16,384. Nínú jíìnómù tó ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ìyẹn lé ní ìgbà 180,000 lórí okùn kan ṣoṣo, láìsí TF kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà 21 tó pé pérépéré kò yẹ kó ṣàdédé yọjú rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí REST fi dára fún akẹ́kọ̀ọ́, tí SOX2 sì fi lè tàn yín jẹ.

Ìpele 8: Jíìnì wo ló kàn?

ChIPseeker á sọ fún yín bóyá peak wà ní ẹnu ọ̀nà jíìnì, nínú rẹ̀, tàbí lọ́nà jíjìn. GREAT á sọ iṣẹ́ tí àwọn jíìnì tó wà nítòsí ń ṣe. Fún REST, ẹ retí ọ̀rọ̀ nípa iṣan ara àti bí sẹ́ẹ̀lì iṣan ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí GREAT bá ń sọ nípa awọ tàbí ẹ̀dọ̀ nìkan, ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé "REST ń ṣàkóso jíìnì báyìí" torí pé peak wà nítòsí rẹ̀. Lílẹ̀ mọ́ DNA kì í ṣe ṣíṣàkóso. Yàtọ̀ sí ìyẹn, jíìnì tó sún mọ́ jù lè máà jẹ́ èyí tó kàn. Àpẹẹrẹ tó lágbára wà nínú jẹjẹrẹ ọpọlọ fúnra rẹ̀: ní 2016, ìwádìí kan nínú Nature fi hàn pé nínú glioma tó ní àlébù nínú jíìnì IDH, methylation (àmì kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ DNA) máa ń lé purotéènì CTCF kúrò ní àwọn ààlà kan lórí DNA, tí ohun tó ń tan jíìnì láti òdìkejì ààlà náà á wá lọ tan jíìnì PDGFRA. Ẹni tó wo jíìnì tó sún mọ́ nìkan kò ní rí PDGFRA níbẹ̀. Ẹ wá RNA-seq (àyẹ̀wò tó ń fi jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ hàn) ti sẹ́ẹ̀lì kan náà, kẹ́ ẹ wo bóyá àwọn jíìnì tí REST wà lẹ́nu ọ̀nà wọn dákẹ́ lóòótọ́.

Kí ẹ tó lọ sórí SOX2 àti OLIG2

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ yín wà. Ní 2014, ìwádìí kan nínú Cell fi hàn pé TF mẹ́rin, POU3F2, SOX2, SALL2 àti OLIG2, tó láti sọ sẹ́ẹ̀lì glioblastoma tó ti dàgbà padà di irú èyí tó ń bí jẹjẹrẹ tuntun. Ìpele mẹ́jọ yìí náà lẹ máa tẹ̀lé, àmọ́ ẹ yí nǹkan díẹ̀ padà.

Sẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí padà. U-87 tí wọ́n fi serum tọ́ kò ṣeé fi dáhùn ìbéèrè nípa sẹ́ẹ̀lì tó ń bí jẹjẹrẹ. Ẹ wá détà tí wọ́n ṣe lórí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti ara aláìsàn, tí wọ́n tọ́ láìfi serum sí i, tó sì wà lójútáyé nínú GEO, àkójọ détà ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí q le sí i, kẹ́ ẹ má ṣe fojú di replicate. Níbi motif, OLIG2 ń wá E-box, bíi CAGCTG, tí ọ̀pọ̀ TF mìíràn náà ń wá. Torí náà motif nìkan kò lè sọ fún yín pé OLIG2 ni. Antibody tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka bí àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà ṣe yẹ antibody wọn wò. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ wá détà mìíràn.

Fún ẹni tó bá ní làábù tó fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀: formaldehyde 1%, ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀pọ̀ TF, kẹ́ ẹ fi glycine 125 mM dá a dúró, kẹ́ ẹ wá gé DNA sí nǹkan bíi 100 sí 300. Ẹ fi DNA náà sórí gel kẹ́ ẹ tó lo antibody. Bó bá ṣì ga ju 500 lọ, ẹ tún un gé. Má ṣe náwó antibody lórí rẹ̀. CUT&RUN, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ṣe irú àyẹ̀wò yìí, gba sẹ́ẹ̀lì tó kéré gan-an, read tó kéré, kò sì fẹ́ formaldehyde, nítorí náà bí owó bá ní ìwọ̀n, òun ni mo máa yàn. Ní ìlú tí iná kò dúró sójú kan, ẹ pín antibody sí kékeré-kékeré lọ́jọ́ tó bá dé. Antibody tó yọ́ tó tún dì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe antibody tẹ́ ẹ rà mọ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín kẹ́ ẹ tó ti Galaxy

Nọ́ńbà ENCSR àti gbogbo ENCFF. hg38. Ẹ̀yà Bowtie2 àti MACS2, tó wà lábẹ́ àmì "i" lórí dataset kọ̀ọ̀kan. q tẹ́ ẹ lò. d tí MACS2 rí. Iye read lẹ́yìn sísẹ́. Iye peak nínú replicate kọ̀ọ̀kan, iye tó kù lẹ́yìn blacklist, iye tó wà nínú méjèèjì. FRiP. Àwòrán CDKN2A tó ṣófo, àti àwòrán motif láti MEME-ChIP.

Ẹ dáónlóòdù narrowPeak ìkẹyìn nìkan, kò ní ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ. BAM àti bigWig ẹ fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí ọ̀gá yín bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ Share lórí history náà, kẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́. Á rí gbogbo ìpele àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ yàn níbẹ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ ti gbàgbé.